“Ó Ti Bì” Kọ́ Ni “Ó Ti Bí”

Ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ,
Ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà.

Alága àti Gbogbo Ọmọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ilé Ìwòsàn Àwọn Ìyá,
Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ GBÉ ỌMỌ TÓ WÀ NÍ YÀRÁ GÍLÁÀSÌ FÚN ÌYÁ RẸ̀ KÍ ỌJỌ́ ẸTÌ TÓ PÉ

1. “Ní ilé ìwòsàn yìí, kò sí ìyá tó ké tí a kò dá lóhùn, kò sì sí ọmọ tí a kò fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ yín ni, kì í ṣe tèmi. Ọ̀dà búlúù lẹ fi kọ ọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹ sì gbé iná sí i lórí kí òkùnkùn má baà fi òtítọ́ náà pamọ́. Mo kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí mo mú ọmọ mi wá rọbí. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: ẹ kò fi àmì ohùn kankan sí i. Èmi ni mo bá yín fi sí i níhìn-ín. Ẹ má ṣe rò pé arúgbó ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣeré. Bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí délẹ̀, ẹ ó rí i pé àìfi-àmì-sọ́rọ̀ gan-an ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

2. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń tún fóònù ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Kò ní yà mí lẹ́nu bí fóònù ọ̀kan nínú yín bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá rí. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì wà lójú ọ̀nà níbi tí ìpè kì í ti í wọlé. Oyún yìí ni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó bí ọmọbìnrin kan láàyè ní ilé ìwòsàn yín, wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sí yàrá gíláàsì níbi tí wọ́n ti ń mú ọmọ tuntun móoru. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti wá sọ fún wa pé bó bá di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọmọ náà yóò kúrò lọ́dọ̀ yín lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ó jókòó sórí àga onípákó lẹ́yìn gíláàsì náà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìdí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu nìyẹn.

3. Ní tèmi, olùkọ́ èdè ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló sọ mí ní Màmá Àmì, wọn kò sì fi yìn mí. Bí mo bá dá ìwé wọn padà pẹ̀lú yíǹkì pupa, wọ́n á ní, “Màmá, ẹni tó gbọ́ èdè á ṣáà mọ̀ ọ́n kà. Kí la fẹ́ fi gbogbo eṣinṣin orí lẹ́tà yìí ṣe?” Èmi á ní, “Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ó wá eṣinṣin yìí tì.” Ọjọ́ náà ti dé. Inú mi kò dùn pé mo jàre.

4. A dé yàrá ìrọbí yín ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ mọ yàrá yẹn, tàbí bóyá ẹ kò mọ̀ ọ́n, torí kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì fún mọ́ra débi pé ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà ní láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ti ọmọ mi wà létí fèrèsé. Wọ́n ní kí èmi dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo sì dúró, àmọ́ ìlẹ̀kùn náà kì í pa dé, ẹ̀bi rẹ̀ kì í sì í ṣe tèmi. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo àwọn tó ń rọbí. Ọmọbìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí ìrora gbé ọmọ mi, ó bì. Ó bì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bì sára aṣọ, ó bì sórí bàtà funfun tí nọ́ọ̀sì náà wọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Tú u jáde, àǹtí mi. Bàtà ni, kì í ṣe ojú mi.” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ rántí gbólóhùn yìí bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ ó dá lẹ́bi.

5. Òfin yín sọ pé nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ gbé aláboyún kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn láìgba àṣẹ dókítà. Dókítà wà ní ilé kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń pè é ní Dókítà Kíákíá, nítorí pé ó máa ń dáhùn kí èèyàn tó béèrè tán. Nọ́ọ̀sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Mo ti fi ojú ara mi rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ẹni tó fi hàn mí bẹ̀ mí kí n má sọ ibi tí a dúró sí, mi ò sì ní sọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí, mi ò fi eṣinṣin kan kún un:

“Alaboyun eti ferese ti bi. Se ka gbe e kuro lori beedi?”

Èsì dókítà nìyí:

“E ku ise o! E gbe e lo si yara awon abiyamo.”

6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n di tíṣà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fara pamọ́ sínú “bi” tí kò ní àmì. Tí ohùn bá ròkè, bí ni, èyí tí ìyá ń ṣe. Tí ohùn bá wálẹ̀, bì ni, èyí tí inú rírìn ń fà. Tí ohùn bá dúró láàárín, bi ni, èyí tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe nígbà tí nǹkan kò bá yé e. Ọmọ mi bì. Dókítà kà á pé ó bí. Kò sí ẹni tó bi í. Ẹjọ́ mi látòkè délẹ̀ nìyẹn. Ìyókù àlàyé ni.

7. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ gbà pé ó ya òun lẹ́nu díẹ̀ pé wọ́n ń kí òun kú iṣẹ́ nítorí èébì. Àmọ́ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kì í yìn kì í béèrè ìdí lọ́jọ́ tí ìyìn bá dé. Ó rò pé yàrá àwọn abiyamọ ni bẹ́ẹ̀dì tó mọ́ wà. Ó ti ọmọ mi lọ síbẹ̀, ó fi omi nu ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dé, ó sì relé. Dókítà ní tirẹ̀ ti fi ìròyìn ayọ̀ náà tó akọ̀wé kọ̀ǹpútà létí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ mi ti di abiyamọ nínú ẹ̀rọ yín. “Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà” ni wọ́n kọ. Òótọ́ ni pé ọmọ náà wà ní àlàáfíà. Inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà.

8. Nígbà tí mo rí ibi tí wọ́n gbé e lọ, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń ké, láàárín àwọn obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú. Mo pe nọ́ọ̀sì ọ̀sán. Mo mọ̀ pé kì í ṣe inú irú lẹ́tà yìí ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu sí, àmọ́ bí mo bá rò ó ní èdè ọ́fíìsì, ẹ ò ní gbà mí gbọ́.

Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ń rọbí.”

Ó ní, “Màmá, ó ti bí. Inú rírun ẹ̀yìn ìbímọ ni. Kò sí abiyamọ tí kì í ṣe.”

“Ikùn rẹ̀ nìyí.”

“Ikùn kì í wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà bímọ rí, Màmá.”

“Ọmọ tó bí dà?”

“Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń wẹ ọmọ. Ẹ lọ jókòó, ẹ má kó ìyá ọmọ láyà sókè.”

Ẹ kíyè sí i, Ẹ̀yin Ọ̀gá, pé kò sí ìdáhùn kan níbẹ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu. Irọ́ tí kò lọ́gbọ́n nínú, ọmọdé á já a. Èyí tó lọ́gbọ́n nínú ló ń ṣe àgbà léṣe. Obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì, tó gbé ìkókó rẹ̀ lé èjìká, dá sí i: “Nọ́ọ̀sì, ẹ wulẹ̀ ṣí aṣọ yẹn kí ẹ wò ó ná. Wíwò ò gbowó.” Nọ́ọ̀sì bi í bóyá òun náà ti di dókítà. Ọmọ mi wá gbé orí sókè nínú ìrora, ó ní, “Ẹ dákun, tí mo bá ti bí, ta ló wà nínú mi tó ń tì mí báyìí?” Àwọn kan nínú yàrá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń dápàárá.

9. Ìgbà tó yá, ó ní ìgbẹ́ ń gbọ̀n òun. Ẹni tó bá ti bímọ rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Mo fà á dìde, a ń lọ sí ilé ìgbẹ́, a kò débẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ló wà níwájú wa, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ó wọlé, ó gbá pákó tí wọ́n to aṣọ lé mú, ó kúnlẹ̀. Mo ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni wá. Ó ní, “Màámi, ẹ má jẹ́ kó já bọ́ o.” Èmi tí mi ò gbẹ̀bí rí, tí ọwọ́ mi kò mọ̀ ju ṣọ́ọ̀kì lọ, ni mo tẹ́ ìborùn mi. Ọmọ náà bọ́ sínú rẹ̀, ó gbóná, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ inú omi. Ó ké. Ohùn òkè pátápátá ni, kò nílò kí n fi àmì sí i. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ti ṣú, orí rẹ̀ ti wà lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì ọ̀sán sáré dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, “Háà! Ó tún bí òmíràn!” Lẹ́yìn náà ló rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gé ìwọ́, ó gba ibi ọmọ, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní ara ọmọ ti ń tutù, ó sì gbé e lọ sí yàrá gíláàsì nínú ìborùn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ “òmíràn” yẹn ló pa wá.

10. Akọ̀wé kọ̀ǹpútà gbọ́ “òmíràn,” ó wo inú ẹ̀rọ, ó rí ọmọ àárọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọlúàbí ni, ó tilẹ̀ fún mi ní àga.

“Màmá, ẹ kú oríire. Ìbejì ni. Èkejì lèyí.”

“Èkíní dà?”

“Èyí tó bí láàárọ̀.”

“Kò bí ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Ó bì ni. Èébì.”

Ó ronú sí i. Ó ní, “Kọ̀ǹpútà ò ní ibi tí wọ́n ń kọ èébì sí, Màmá.”

Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní òun kò lè pa ọmọ rẹ́. Ó ní ọmọ tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ náà, ọ̀nà méjì péré ló ń gbà jáde: kó bá ìyá rẹ̀ relé, tàbí kó kú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà ọjà. Nígbà náà ni òun fúnra rẹ̀ wá ronú dé ibi tí ó yẹ kí ẹnì kan ti ronú dé láàárọ̀. Ó wò mí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó ní, “Ṣùgbọ́n Màmá, ọmọ àárọ̀ dà?”

11. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gba gbogbo ilé ìwòsàn yín kan báyìí. Wọ́n wá a ní yàrá tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ, wọn kò rí i. Wọ́n wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín tú báàgì mi, ó rí awò ojú mi, fìlà ọmọ tí mo hun, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ó ṣí fìlà náà wò. Mo bi í léèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé o rò pé ọmọ wà nínú fìlà ni?” Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá, iṣẹ́ ni.” Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbẹ̀bí ọmọ àárọ̀. Kò sí ẹni tó gé ìwọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó wẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́ ẹkún rẹ̀. Gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ̀ pé wọ́n bí i, kò sí ẹni tó rí i. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìtàn àròsọ púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí èyí tí àwọn èèyàn gbà gbọ́ tó báyìí.

12. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ní ọ́fíìsì yín, tí a ń pè ní Ìyáàfin Aláàbò, wá jókòó tì wá. Ó di ọwọ́ ọmọ mi mú. Ó ṣàlàyé pé obìnrin tó bí ọmọ méjì, tí a kò mọ ibi tí ọ̀kan wà, a kò lè gbé èkejì fún un títí a ó fi mọ ohun tó ṣe fún èkíní. Ó ní nítorí ààbò ọmọ ni. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka òfin fún odi ló rí, nítorí kò dúró kó gbọ́ nǹkan kan padà. Òun náà ló wá sọ ti ọjọ́ Ẹtì fún wa.

13. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ mọ òtítọ́, àmọ́ ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun bí òun bá sọ ọ́ síta, torí náà mo lọ bá Dókítà Kíákíá lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i. Mo ní, “Dókítà, ọmọ tí wọ́n ní ọmọ mi bí láàárọ̀, ṣé ẹ rí i?” Ó ní, “Màmá, wọ́n fi tó mi létí.” Mo ní, “Mo gbọ́. Ṣé ẹ rí i?” Ó fa fóònù yọ, ó fi hàn mí, ó ní, “Ẹ wò ó, òun nìyí, ‘ti bí.’” Mo ní, “‘Ti bì’ ni.” Ó wò mí bí ẹni tí ìyá àgbà kan ń fi ọ̀rọ̀ èébì dá dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, “Màmá, àwọn aláìsàn ń dúró dè mí.” Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ń dúró dè é lóòótọ́. Mo gbọ́ pé bó bá yí ọ̀rọ̀ náà padà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i pé òun rán aláboyún tó ń rọbí lọ sí yàrá àwọn tó ti bí. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un pé kí ọmọ kan sọ nù ju kí òun ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan sí i.

14. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí ní yàrá gíláàsì, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀nà yín kì í gba ibẹ̀. Gíláàsì náà nípọn. Ẹni tó wà níta ń rí àwọn ọmọ, kò lè gbọ́ wọn. Ọmọ wa wà ní ìlà iwájú, wọ́n lẹ “Èkejì” mọ́ àpótí rẹ̀. Kò ní orúkọ mìíràn. Ọmọ mi máa ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi lé e. Bí ọmọ náà bá la ẹnu, wàrà á máa dà ní àyà ìyá rẹ̀ títí yóò fi rin aṣọ, bí ẹni pé àyà rẹ̀ gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́. Ọmú rẹ̀ ti le bí òkúta, ibà sì ti ń mú un. Ó fún wàrà sínú ife, ó gbé e fún nọ́ọ̀sì yàrá gíláàsì. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má gba ohunkóhun lọ́wọ́ ìyá Èkejì títí ìwádìí yóò fi parí. A da wàrà náà nù sínú àwo ìfọwọ́. Mo wò ó bó ṣe ń lọ. Mi ò mọ irú ìwádìí tí ń bẹ nínú ife wàrà kan.

15. Ní àná, akọ̀wé kọ̀ǹpútà, tí àánú wa ń ṣe lóòótọ́, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà kan wà. Ó fún mi ní ìwé kan. Bí ìyá ọmọ bá fọwọ́ sí i pé ọmọ àárọ̀ kú, ẹ̀rọ yóò tú èkíní sílẹ̀, ìwádìí yóò di ọ̀rọ̀ òkú, a ó sì lè gbé èkejì fún un kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Mo ní, “Bí wọ́n bá bi wá pé òkú dà ńkọ́?” Ó họ orí, ó ní, “Ìyẹn lè di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, Màmá. Àmọ́ ẹ ó ti gbé ọmọ.”

Mo kà á fún ọmọ mi. Kò jẹ́ kí n kà á tán tó ti na ọwọ́ gba bírò. Ó ní, “Màámi, kí ni wọ́n fẹ́ kí n kọ? Tí wọ́n bá ní mo pa á, màá kọ ọ́. Kí wọ́n ṣáà gbé ọmọ mi fún mi.” Mo gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n kọ òtítọ́, kí wọ́n sì fi àmì sí i. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òtítọ́ yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́, tí kò ní jẹ́ kí ọmọ mi kọjá lọ bá ọmọ rẹ̀.

16. Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Ní àárọ̀ yìí, ibà ń mú ọmọ mi, mo ń fi omi nu ọrùn rẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó sì bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́, kó má baà tì mí lójú: “Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọmọ àárọ̀ dà?”

Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gba ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó mi orí, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń kà wọ́n, ọ̀kan, èjì, ó sì ń wá èkíní. Ẹ ti gba ọmọ tó bí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ti fún un ní èyí tí kò bí kó máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ sí i, mi ò ní mọ bí n óo ṣe fa òun fúnra rẹ̀ padà.

17. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ pe dókítà náà wá síwájú yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ta ló fi ojú rí ọmọ àárọ̀? Bí kò bá dárúkọ ẹnì kankan, ẹ mú ọmọ náà kúrò nínú ẹ̀rọ yín, ẹ má pa á, nítorí kò wá sáyé. Ẹ yọ “Èkejì” kúrò lára àpótí náà. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ wọlé. Bí ẹ bá sọ pé ìgbìmọ̀ kì í jókòó títí ìparí oṣù, ẹ rántí pé ọmú kì í dúró de ìgbìmọ̀. Nọ́ọ̀sì àárọ̀, ẹ má ṣe lé e. Ọwọ́ tó ń gba èébì fún ẹni ẹlẹ́ni kò pọ̀ mọ́. Mi ò béèrè kí ẹ tọrọ àforíjì. Mi ò béèrè owó. Ògiri yín pàápàá, mi ò ní kí ẹ tún un kùn.

Bí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ bá lẹ́, tí mi ò gbọ́ nǹkan kan láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín, n óo dá bírò padà fún ọmọ mi. Yóò fọwọ́ sí ikú ẹni tí kò bí. Èmi Màmá Àmì yóò fọwọ́ sí i lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. N óo sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ iwájú lè pe irọ́ náà bó ṣe yẹ.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá ka ìwé yìí dé ibí. Bí ẹ bá sì gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀ kí ẹ tó kà á tán, ẹ ṣeun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín, lórí àga onípákó lẹ́yìn gíláàsì,

Màmá Àmì,
Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìntì,
Ìyá ìyá ọmọ.

Àfikún: Ọmọ mi rí mi tí mò ń kọ̀wé. Ó ní kí n bá òun fi ìbéèrè kan sí i, kì í ṣe fún dókítà, fún ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá mọ̀ ni. Ó ní láti ibi tí òun jókòó sí, ẹnu ọmọ náà ni òun ń rí tó ń là, òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Tó bá ké, ta ló ń dá a lóhùn?